Bí a ṣe ń gbé ìwádìí ìṣirò kalẹ̀ ní iṣẹ́ ìjọba: àpẹẹrẹ láti Abẹ́òkúta

Bí ọ̀gá yín ní ìjọba ìbílẹ̀ bá pè yín, tí ó ní kí ẹ lọ wádìí iye ilé tí kò rí omi tó dára mu ní Abẹ́òkúta, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni kí a jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í to ìbéèrè. Mo rọ̀ yín, ẹ má tíì kọ ìbéèrè kankan. Ẹ padà lọ bá ọ̀gá náà, kí ẹ bi í léèrè ohun tí yóò fi èsì ṣe. Bí ó bá fẹ́ mọ àdúgbò tí yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí, èsì gbọ́dọ̀ lè fi àdúgbò kan wé òmíràn, iye ilé tí ẹ ó dé yóò sì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iye kan ṣoṣo fún gbogbo ìlú ni ó fẹ́ kọ sínú ìwé ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀, iṣẹ́ náà yóò kéré jọjọ. Owó àwọn iṣẹ́ méjèèjì kò dọ́gba. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ó fọwọ́ sí i, nítorí gbólóhùn yẹn ni yóò gbà yín sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀ka mìíràn bá wá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jọ̀wọ́ bá àwọn fi ìbéèrè méjìlá péré kún un.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé, àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé àti àkọsílẹ̀ ìbí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn, NPC, ń ṣe lè ti dáhùn ìdajì ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà. Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kàn sí wọn. Òfin ìṣirò ọdún 2007 ni ó fi ẹsẹ̀ àjọ yìí múlẹ̀, ó sì sọ ọ́ di dandan pé kí a pa ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sọ mọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023 tún fi okùn mìíràn so ó. Ẹ ka méjèèjì kí ẹ tó gba orúkọ tàbí nọ́ḿbà fóònù ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há ni orúkọ àwọn ilé tí a fẹ́ mú lára wọn. Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà ni ti ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2006, èyí tí ó ka ènìyàn 3,751,140 ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n sún èyí tí a fẹ́ ṣe ní ọdún 2023 síwájú. Èyí túmọ̀ sí pé àfojúdá ni iye ènìyàn yòówù tí ẹ bá rí kà lónìí, àti pé ìwé tí ó dá lórí ti 2006 kò lè mọ gbogbo ilé tí ó ti hù ní Ọbáńtokó láti ìgbà náà. Ẹ gba àwòrán ilẹ̀ àwọn àgbègbè ìkànìyàn lọ́wọ́ NPC, ìyẹn àwọn abala kéékèèké tí a pín ìlú sí fún kíkà; EA ni àwa òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rin èyí tí ẹ bá mú, kí ẹ tún gbogbo ilé inú rẹ̀ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó yan ẹyọ kan.

Àwọn kan gbà pé a gbọ́dọ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìlú kí èsì tó lè ṣeé gbára lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìlú ńlá, iye tí a dé ni ó ń pinnu bí èsì ṣe súnmọ́ òótọ́ tó, kì í ṣe irú ìdá tí iye náà jẹ́ nínú ìlú. Ká ní a fẹ́ kí ìdá tí a bá rí má fi ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, kí ọkàn wa sì balẹ̀ dé ìwọ̀n 95 nínú ọgọ́rùn-ún. A ó sọ 1.96, nọ́ḿbà tí ìwọ̀n 95 yẹn ń lò, di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, a ó tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.25, ìyẹn ìdajì lọ́nà ìdajì, níbi tí èsì ti lè yẹ̀ jù, a ó wá fi 0.0025, ìyẹn 0.05 lọ́nà 0.05, pín in. 384 àti díẹ̀ ni yóò bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n aládùúgbò máa ń jọ ara wọn. Ilé méjìlá tí ó ń pọn omi nínú kànga kan ṣoṣo kò sọ ìtàn méjìlá fún wa, nítorí náà ni a ṣe máa ń sọ iye náà di ìlọ́po méjì, tí yóò di 769. Bí a bá sì rò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tí a bá kan ilẹ̀kùn wọn ni kò ní dá wa lóhùn, a ó fi 0.9 pín in, yóò di 855. EA 72, ilé 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 864, ó sì tó. Fún ìlú lódindi ni èyí o. Bí ọ̀gá bá fẹ́ èsì ọ̀tọ̀ fún Gúúsù Abẹ́òkúta àti ọ̀tọ̀ fún Àríwá, iye yẹn ni ẹ ó lò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Nínú EA kan tí ó ní ilé 96, mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ẹ ó máa fò. Ẹ mú nọ́ḿbà kan láàárín 1 sí 8 láìwojú. Bí ó bá jẹ́ 5, ẹ ó lọ sí ilé karùn-ún, ìkẹtàlá, ìkọkànlélógún, títí dé ìkẹtàléláàádọ́rùn-ún. Bí a kò bá bá ẹnikẹ́ni nílé, a ó padà lọ nígbà mẹ́ta, ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A kò gbọdọ̀ mú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dípò, nítorí pé ẹni tí ó wà nílé ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó ti lọ sí Ìtòkú láti lọ ta àdìrẹ.

Ìwé ìbéèrè ni mo fẹ́ kí a fi ara balẹ̀ lé lórí jù, torí pé ibẹ̀ ni mo ti rí i tí owó ìjọba ń ṣòfò jù lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ó máa túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí oníkálukú wá máa béèrè ohun tí ó wù ú. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo bá wọn lọ síbi ìwádìí kan tí a ti ń béèrè pé, “Ènìyàn mélòó ni ó wà nínú ìdílé yín?” Bàbá kan lẹ́yìn Aké gbé ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ wa, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá rẹ̀ àgbà, ó ka àwọn tó wà ní Èkó, ó ka àwọn tó wà ní Kùtọ́nu, ẹnìkejì mi sì kọ 64 sínú àpótí tí ó yẹ kí ó kọ 5 sí. Bàbá náà kò purọ́. Ìdílé ni a bi í, ìdílé ni ó sì kà fún wa.

Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo fún ohun tí a ń wá. Ìdílé jẹ́ ti ìran, agboolé sì lè gba ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé tí olúkúlùkù ń dá iná tirẹ̀. Ohun tí àwa oníṣirò ń fẹ́ ni àwọn tí wọ́n ń gbé pọ̀, tí wọ́n sì jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà. Ẹ béèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ tún béèrè ọmọọ̀ṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ní orúkọ wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò jábọ́.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tí ó bá wọlé tọ ìyá kan lọ ní Ìjẹmọ̀, tí ó ní, “Ẹ̀yin mà, ọmọ mélòó lẹ bí?” ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, ìyá náà lè rẹ́rìn-ín, kí ó ní Ọlọ́run nìkan ló mọye wọn, ó sì parí síbẹ̀. Ẹ ní kí ó bá yín dárúkọ àwọn tí ó sùn sílé lánàá, láti orí àgbà dé orí ọmọ ọwọ́, kí ẹ máa kọ orúkọ lọ. Kọ̀ǹpútà ni yóò kà wọ́n. Bí ìwádìí náà bá kan ọmọ tó ti kú, obìnrin ni kí ẹ rán lọ, kí ẹ sì kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ rora, torí kò sí ìyá tí ó fẹ́ gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọdé tó ń wo fóònù.

Ọ̀nà tí a ń gbà ka ọjọ́ náà lè da nǹkan rú. Nínú ìkà tiwa, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ wà lára iye: ọjà tí à ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ó ń padà wá bí a bá wo kàlẹ́ńdà, òní ìjẹ́jọ sì ni ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní ọjọ́ méje sẹ́yìn. Bí ìwé yín bá sọ pé “láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn,” àgbàlagbà àti ọmọ rẹ̀ lè fún yín ní iye méjì, kí àwọn méjèèjì sì tọ̀nà. Ẹ dárúkọ ọjọ́ náà: “láti Ọjọ́rú tó kọjá títí di àná.”

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ ó rí i pé àwọn àgbà máa ń kó jọ sí 50, 55, 60, 65. Ẹ ṣe ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ kan sọ́wọ́: ọdún 1949 tí Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀, ọdún 1972 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, 1973 tí náírà dé, 1976 tí a dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, 2005 tí Ọba Gbádébọ̀ jẹ. Ẹ béèrè bí ẹni náà ṣe tó nígbà náà, bóyá ó ti ń lọ ilé-ìwé, bóyá ó ti lọ́kọ.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó le jù, ìlú yìí sì ní ìdí tirẹ̀. Owó orí wà lára ohun tó bí Ogun Àdùbí ní ọdún 1918. Owó orí náà ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn, bá ìjọba jà lé lórí ní àárín ọdún 1940 sí 1949. Ẹni tí ó bá ń béèrè iye tó ń wọlé lọ́wọ́ ìyá olójà kan, agbowó-orí ni ìyá náà ń rí, kò sì ṣàṣìṣe púpọ̀. Ẹ béèrè ohun tí ó ná. Fún ìwádìí omi wa yìí: “Ṣé ẹ ra omi lánàá? Kẹ́ẹ̀gì mélòó? Èló ni kẹ́ẹ̀gì kan?” Ìdáhùn rẹ̀ yóò yá, a ó sì lè fi ojú ara wa ṣe àfiwé rẹ̀ pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò.

Ẹ ro ti ìgbà náà. Orí àpáta ni Abẹ́òkúta wà, ọ̀pọ̀ kànga kò jìn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń gbẹ wọ́n. Ìwádìí tí a bá ṣe ní oṣù Keje yóò sọ pé omi wà. Ti oṣù Kejì yóò sọ òdìkejì. Bí owó bá wà fún ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ mú, kí ẹ sì béèrè bí kànga náà ṣe ń rí nígbà òjò.

Kí ẹ tó jáde, ẹ mú lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò àti Ìyálọ́jà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ yẹra fún àsìkò Jímọ́ọ̀, òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú, àti ọjọ́ orò níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é. Ẹ má gbà kí káńsẹ́lọ̀ tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ wọlé; ìdáhùn yóò kàn máa tẹ̀ síbi tí ojú rẹ̀ ń wò ni. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ ìlú ni ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ òpópónà náà, torí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún ọmọ aládùúgbò.

Ẹ fi ọjọ́ márùn-ún kọ́ wọn, kí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìdánwò ní EA méjì tí kò sí lára èyí tí ẹ mú, ọ̀kan ní àárín ìlú àtijọ́, ọ̀kan ní àdúgbò tuntun. Bí ẹnì kan bá lè ṣe ilé mẹ́fà lójúmọ́, òṣìṣẹ́ méjìlá yóò parí ilé 864 ní ọjọ́ méjìlá. Alábòójútó kan fún ẹni mẹ́rin ni ó yẹ. Owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kí wọ́n tó wọkọ̀. Òṣìṣẹ́ tí a kò fún lówó ọkọ̀ ni ó ń jókòó sábẹ́ igi ní Kútọ̀, tí ó ń fi orí ara rẹ̀ dáhùn fún àwọn onílé. Mo ti bá irú wọn níbẹ̀, àwọn kọ́ ni mo sì bínú sí jù.

Fún àwọn tí yóò lo tábúlẹ́ẹ̀tì, CSPro, ètò kọ̀ǹpútà fún gbígba ìdáhùn sílẹ̀ tí àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ń pèsè, kò gba owó, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì títí òṣìṣẹ́ yóò fi dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ó máa ń kọ àkókò tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí bí ẹ bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó lálaalẹ́. Bí ó bá ń gba ẹlòmíràn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ẹnì kan ń fi mẹ́fà ṣe é, ẹ wádìí ẹni náà ní ọjọ́ kejì, ẹ má dúró di ìparí. Kí alábòójútó fúnra rẹ̀ tún padà sí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ilé náà, bí 86, láti béèrè ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí ẹ bá ń ro èsì pọ̀, ẹ rántí pé ilé kọ̀ọ̀kan nínú EA onílé 96 ń ṣojú fún ilé mẹ́jọ níbẹ̀, ti EA onílé 240 sì ń ṣojú fún ogún. Bí ẹ bá kà wọ́n bákan náà, àdúgbò kékeré ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún ńlá. Ẹ yọ orúkọ àti nọ́ḿbà fóònù kúrò nínú fáìlì kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí ojú ewé àkọ́kọ́ ìjábọ̀ sọ iye ilé tí ẹ yàn, iye tí ẹ bá nílé, àti iye tí ó kọ̀ láti dáhùn. Ẹ wá kọ èsì àdúgbò kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé kan ní Yorùbá, kí ẹ sì mú un padà lọ fún baálẹ̀ tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún yín, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ọ̀gá bá gba tirẹ̀.