Bí Mo Ṣe Tún Ìkànnì Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Kan Ṣe Kí Akanda Ẹ̀dá Lè Rí I Lò

Máòsì ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n àti ẹni tí kò ríran, kíbọọ̀dù ni wọ́n ń lò, nítorí náà Tab, Shift+Tab, Enter àti Esc nìkan ni mo fi rin ìkànnì náà já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí n kò fi mọ ibi tí mo wà mọ́, torí ẹni tó ṣe é ti kọ outline: none sínú CSS (kóòdù tó ń sọ bí ìkànnì ṣe máa rí), ìlà tó yẹ kó yí bọ́tìnnì tí Tab bá dé ká ti pòórá. Àwọn ẹ̀ka tó wà lókè ìkànnì kì í ṣí àfi tí máòsì bá bà lé e. Kàlẹ́ńdà tí èèyàn fi ń yan ọjọ́ àbẹ̀wò ló wá burú jù: div lásán, àpótí kóòdù tí kò ní iṣẹ́ kankan fúnra rẹ̀, ni wọ́n fi kọ́ ọ, Tab ń fò ó kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Mo dá ìlà náà padà ní 3px, pẹ̀lú àlàfo 2px, mo sì fi box-shadow (òjìji) funfun kún un kó lè hàn lórí fọ́tò dúdú àti fọ́tò tó mọ́lẹ̀. Gbogbo div tí èèyàn ń tẹ̀ ni mo sọ di button, bọ́tìnnì gidi nínú kóòdù. Button ti gbọ́ èdè Tab àti Enter láti ilé. Ẹni tó bá ń fi JavaScript kọ́ div ní èdè yẹn ń pọn omi sínú agbọ̀n.

Àwọ̀ kò gba àkókò púpọ̀. Àwọ̀ idẹ ni wọ́n yàn fún líǹkì, kóòdù rẹ̀ ni #B8860B, lórí funfun. Ó wuyì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ sí funfun kò ju nǹkan bí 3.25 sí 1 lọ, bẹ́ẹ̀ 4.5 sí 1 ni WCAG 2.2, ìlànà àgbáyé fún ìkànnì tí akanda ẹ̀dá lè lò, ń béèrè fún ọ̀rọ̀ kéékèèké. Mo mú un ṣókùnkùn dé #7A5900, ó kọjá 6 sí 1, idẹ náà ṣì ni lójú. Mo tún fa ìlà sábẹ́ líǹkì fún ẹni tí ojú rẹ̀ kì í ya àwọ̀ sọ́tọ̀.

Àwòrán ni iṣẹ́ wà gan-an. Mo gbé NVDA, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí kò ríran, sórí Windows, mo dijú, mo sì tẹ́tí. Àwòrán tó jẹ́ líǹkì tí kò ní alt (ọ̀rọ̀ inú kóòdù tó ń júwe àwòrán), orúkọ fáìlì ló ń kà: IMG, 4471. Irinṣẹ́ tó ń yẹ ìkànnì wò, bí axe tàbí WAVE, á sọ fún ọ pé alt kò sí. Ṣùgbọ́n tí o bá kọ «ère» síbẹ̀, á dákẹ́, torí kò mọ̀ bóyá ohun tí o kọ wúlò. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn ohun náà ni kó kọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó mọ kóòdù. Má fi «àwòrán» bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ti sọ ìyẹn. Ohun tó jẹ́, ohun tí wọ́n fi ṣe é, bó ṣe dúró, ó tó. Fún ère ìbejì kan, alt rẹ̀ nìyí: «Ère ìbejì obìnrin tí wọ́n fi igi gbẹ́, irun rẹ̀ ga ṣóńṣó, ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìbàdí.» Ìyókù lọ sí abẹ́ àwòrán, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á: «Gíga rẹ̀ jẹ́ 25 cm, bí ìgbọ̀nwọ́ àgbàlagbà sí ọrùn ọwọ́. Orí tóbi ju bó ṣe yẹ fún ara. Imú àti ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, nítorí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n sì ń fi osùn pa á fún ọdún púpọ̀.» Ẹni tí kò ríran rí á mọ bí ara rẹ̀ ṣe máa rí lọ́wọ́. Fún ọpọ́n Ifá, agogo ni mo fi júwe etí rẹ̀: ojú Èṣù wà níbi agogo méjìlá.

Èdè Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀. Kọ lang="yo" sórí html, àti en sórí ìpínrọ̀ tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ̀rọ lè mọ ohùn tó máa pè. Lẹ́yìn náà, wo àmì. Ẹ́ kò ní nọ́mbà kan ṣoṣo ní Unicode, àkójọ nọ́mbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà: U+1EB8 àti U+0301 ló pàdé. Òǹtẹ̀ kan lè tẹ àmì ohùn kó tó tẹ ẹsẹ̀, ìyẹn àmì abẹ́ lẹ́tà, òmíràn á tẹ̀ ẹ́ sódì, ojú kò ní rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n àyè ìwákiri kò ní rí ọ̀rọ̀ náà. NFC, ìlànà Unicode fún títo àmì, ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹsẹ̀ olóòró, U+0329, kò sí lára ohun tí NFC ń tún ṣe. Ọwọ́ ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀ sí U+0323, ẹsẹ̀ olójúàmì. Fún ìwákiri, mo yọ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ méjèèjì kí «ere ibeji» lè mú ère ìbejì wá, ṣùgbọ́n èyí tó bá àmì mu gẹ́lẹ́ ló ń síwájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun á jọ dàpọ̀ lórí àtẹ.

Fídíò: fáìlì VTT, tó ń gbé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò, gbọ́dọ̀ jẹ́ UTF-8 (ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú lẹ́tà Unicode), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ àti ọ̀ á di àmì tí kò ní ìtumọ̀. Má ṣe kọ «ìlù ń dún» níbi tí ìyáàlù bá ti ń ki ọba. Ọ̀rọ̀ ni onílù ń sọ, adití sì nílò ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kí onílù fi ẹnu sọ ohun tó lù, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Orin tó ń dá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú ìwé bá ṣí, mo pa á. Ó ń bo ohùn NVDA mọ́lẹ̀.

Ojú ìwé àbẹ̀wò ni mo ṣe kẹ́yìn. PDF tí wọ́n ya ní fọ́tò ló wà níbẹ̀, NVDA kò rí ọ̀rọ̀ kankan kà nínú rẹ̀. Òfin tó lòdì sí fífi ẹ̀tọ́ akanda ẹ̀dá dù wọ́n, tí Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún ilé ìlò gbogbo èèyàn ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ìgbà yẹn ti kọjá, ilé yìí kò sì tíì ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ arọ. N kò lè fi kóòdù kọ́ ọ. Ohun tí mo kọ sí i nìyí: àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níwájú, irin ìdìmú kò sí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pe ẹ̀ṣọ́ kó tó di pé o dé.