Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Kó Ímeèlì Áàpù Lọ Sọ́dọ̀ Iléeṣẹ́ Mìíràn

Ẹni tí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò lè wọlé títí ímeèlì tí ó béèrè fún yóò fi dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kíkó irú ímeèlì bẹ́ẹ̀, ti ọ̀rọ̀ aṣínà, ti OTP (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo), ti rìsíìtì, kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan tí ń bá áàpù fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ òmíràn gba sùúrù ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Àṣìṣe tí ó bí púpọ̀ nínú ìyókù ni kí a rò pé kọ́kọ́rọ́ API (ọ̀rọ̀ àṣírí tí áàpù fi ń bá iléeṣẹ́ náà sọ̀rọ̀) nìkan ni a ó pààrọ̀ nínú kóòdù, tí iṣẹ́ yóò sì parí síbẹ̀.

DNS, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbangba nípa dòméènì wa, ni ó kọ́kọ́ máa ń dá wàhálà sílẹ̀. SPF ni ìlà inú rẹ̀ tí ó ń sọ àwọn sáfà tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ dòméènì náà. Ẹ má ṣe kọ SPF kejì sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Ìlànà RFC 7208, tí ó jáde ní ọdún 2014, kò gba ju ẹyọ kan lọ fún dòméènì kan. Bí Gmail bá bá méjì níbẹ̀, àyẹ̀wò SPF yóò forí ṣánpọ́n. Inú ẹyọ kan náà ni kí ẹ fi iléeṣẹ́ tuntun sí, kí ẹ sì ṣọ́ iye ìgbà tí yóò mú kí wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ DNS, nítorí pé bí ó bá ti ju 10 lọ, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ti DKIM, ìyẹn òǹtẹ̀ tí ó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ dòméènì wa ni ímeèlì ti wá, rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ti àtijọ́ àti ti tuntun lè wà papọ̀ bí selector wọn (orúkọ tí a fi ń wá kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan nínú DNS) bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yára yọ ti àtijọ́: ímeèlì tí sáfà kan kò tíì gbà lè wà lórí ìlà fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ yẹn ni wọn yóò sì fi yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó bá dé. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google ti sọ SPF, DKIM àti DMARC (ìlà tí ó ń sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí ímeèlì tí àyẹ̀wò rẹ̀ bá kùnà) di dandan fún ẹni tí ó ń fi ímeèlì 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí Gmail lójúmọ́.

Èyí tí ó máa ń dùn mí jù ni ti àkójọ àwọn àdírẹ́sì tí kò yẹ kí a kọ ímeèlì sí mọ́: àwọn àdírẹ́sì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, àti ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ti fi wá sùn pé spam ni a ń kó bá àwọn. Iléeṣẹ́ àtijọ́ ti ń bá wa dá irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ dúró láti ọjọ́ pípẹ́, débi pé a ti gbàgbé pé iṣẹ́ kan ń lọ níbẹ̀. Bí a kò bá kó àkójọ náà dání, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni a ó kọ̀wé sí gbogbo wọn, lójú àwọn sáfà tí kò tíì mọ̀ wá, nígbà tí Google kò fẹ́ kí ẹ̀sùn spam dé 0.3%.

Ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan. Èrò tèmi ni pé kí ìròyìn ọ̀sẹ̀ àti rìsíìtì ṣáájú, kí ti ọ̀rọ̀ aṣínà sì kẹ́yìn, nítorí pé ẹni tí rìsíìtì rẹ̀ pẹ́ ṣì lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Amazon SES, ẹ̀ka Amazon tí ń bá ènìyàn fi ímeèlì ránṣẹ́, ní láti tètè tọrọ àṣẹ, nítorí pé inú sandbox, ìyẹn ipò ìdánwò, ni àkáǹtì tuntun máa ń wà: ímeèlì 200 péré láàárín wákàtí 24, sí àdírẹ́sì tí a ti fọwọ́ sí nìkan.

Bí iléeṣẹ́ tuntun bá pẹ́ kí ó tó fèsì, ẹ má ṣe jẹ́ kí kóòdù sáré gba ọ̀dọ̀ ti àtijọ́, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ímeèlì àkọ́kọ́ ti lọ, kí oníbàárà sì gba OTP méjì tí ọ̀kan nínú wọn kò ṣiṣẹ́. Webhook, ìyẹn kóòdù tí ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tí ń fi ímeèlì ránṣẹ́, gbọ́dọ̀ di títúnkọ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀nà tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà ròyìn ímeèlì tí ó padà sẹ́yìn kì í bá ara mu.

Ẹ má sì ṣe ti àkáǹtì àtijọ́ pa lọ́sẹ̀ kan náà. Bí a bá ń ka iye àwọn tí ó ń tẹ líǹkì, dòméènì iléeṣẹ́ àtijọ́ ni gbogbo líǹkì inú ímeèlì tí a ti fi ránṣẹ́ ń gbà kọjá. Ọjọ́ tí a bá ti àkáǹtì náà ni ẹni tí ó ṣí rìsíìtì oṣù mẹ́ta sẹ́yìn yóò tẹ líǹkì rẹ̀, tí kò sì ní rí nǹkan kan.