Bí Mo Ṣe Gbé Táńkì Omi Òkun Àkọ́kọ́ Kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹni tó bá ti sin ẹja àrọ̀ rí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lè rò pé òun ti mọ ẹja sìn tán. Àrọ̀ lágídí. Bí omi rẹ̀ bá bàjẹ́, á yọjú sókè, á gba afẹ́fẹ́, á tún padà sísàlẹ̀. Ẹja òkun tí à ń sìn nínú gíláàsì kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Omi tó ti wá kì í tètè yí padà, iyọ̀ àárọ̀ àti ti alẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà ara rẹ̀ kò gba kí nǹkan ṣàdédé yí padà. Omi gan-an ni à ń sìn nínú iṣẹ́ yìí. Ní ìlú tiwa, ohun mẹ́ta ló sì ń da omi náà láàmú: ooru, iyọ̀ tó ń le sí i bí omi ṣe ń fà, àti iná ọba tó ń lọ. Àwọn mẹ́ta yìí ni mo gbógun tì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gíláàsì 10 mm ni mo ní kí wọ́n fi ṣe táńkì náà: 90 cm ní gígùn, 40 cm ní ìbú, 40 cm ní gíga. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, lítà 144 ni. Ṣùgbọ́n òkúta àti iyanrìn á gba àyè, omi kò sì ní kún dé etí, nítorí náà omi tó wà nínú rẹ̀ gan-an jẹ́ nǹkan bíi lítà 120. Iye yìí ni mo fi ń ṣírò iyọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé táńkì kékeré ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí lítà omi méjì bá fà nínú lítà 30, iyọ̀ á ti kúrò ní 35 ppt (ìyẹn giramu iyọ̀ 35 nínú ẹgbẹ̀rún giramu omi), á di 37.5, bí méjì kan náà bá fà nínú lítà 120, kò ní tó 36.

Sílíkónì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n ń lò ní balùwẹ̀, tí wọ́n kọ sí i lára pé nǹkan kan kò ní hù lórí rẹ̀, májèlé wà nínú rẹ̀ tí yóò máa jò sínú omi. Òórùn fínígà ni ẹ ó máa gbọ́ lára èyí tó dára títí yóò fi gbẹ. Mo fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó rí omi, lẹ́yìn náà mo pọn omi lásán kún un, mo sì tẹ́ páálí gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀. Bó bá ń jò, bó ti wù kó kéré tó, páálí á sọ.

Ohun gbogbo papọ̀, táńkì náà á wúwo tó kílò 180, tábìlì ilé kò lè gbé e. Wẹ́dà ló fi páìpù onígun mẹ́rin jó ẹsẹ̀ rẹ̀, a fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Pákó pílíwúùdù wà lórí irin, fóòmù funfun pẹlẹbẹ wà lórí pákó, kí gíláàsì má bàa jókòó lé èérún òkúta kan tó lè là á. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì àwọn bíríkìlà wò ó kó dọ́gba, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí oòrùn ọ̀sán kò ti lè bá a.

Omi ló kàn, ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Omi bóòhóòlù kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀. Ní àwọn àdúgbò kan, irin pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ti fi ń pọn ọ́n pẹ́, ẹ ó rí pupa ibẹ̀. Phosphate àti silica inú irú omi bẹ́ẹ̀ ló tún ń bọ́ ìdọ̀tí aláwọ̀ búráwùn àti aláwọ̀ ewé tó ń bo gíláàsì. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá wá jẹ́ bàbà, ìyẹn ló burú jù, nítorí bàbà díẹ̀ kíún ti tó láti pa edé àti ìgbín.

Omi RO ni mo lò, ìyẹn omi tí ẹ̀rọ fi agbára tì gba inú awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, tí ohun tó yòrò sínú rẹ̀ fi ṣẹ́kù sẹ́yìn. Àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ọ̀wọ́tà kan ní ẹ̀rọ RO. Àwọn mìíràn kàn ń sẹ́ omi, wọ́n á sì fi iná UV pa kòkòrò inú rẹ̀. Ìyẹn dára fún mímu, ṣùgbọ́n ohun tó ti yòrò sínú omi ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá kò lè sọ ọ́ fún yín, mítà TDS, tó ń ka iye ohun tó yòrò sínú omi, ló lè sọ ọ́. Ẹ já ọ̀rá kan, ẹ dà á sínú ife tó mọ́, ẹ ti mítà bọ̀ ọ́. Bó bá ka òdo sí 10, ẹ rà á. Bó bá ka 60 tàbí 100, ẹ mu ún, kí ẹ wá òmíràn lọ. Ọ̀rá 20 tó jẹ́ 50 cl ọ̀kọ̀ọ̀kan ló wà nínú àpò, lítà 10 nìyẹn. Àpò 12 ló kún táńkì.

Wọ́n á béèrè pé kí ló dé tí a ò lọ pọn omi wá láti ìsàlẹ̀, nígbà tí òkun kò jìnnà sí wa. Omi Ẹ̀pẹ́ àti ọ̀sà Lẹ́kí kì í ṣe omi òkun; odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn ń ṣàn wọ inú ọ̀sà náà, iyọ̀ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Létí òkun ní Ògùn Waterside, òkun gidi ni, ṣùgbọ́n ìgbì etíkun gbé iyanrìn àti ẹrẹ̀ dání, òjò sì ń bu omi là á. Ní tèmi, iyọ̀ àpò ló yẹ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ o. Omi òkun ní magnesium, calcium, potassium, àti ohun tó ń gbé pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó tàbí tí kò kan) ró ní 8.1 sí 8.4, èyí tí iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní. Iyọ̀ tí wọ́n pò fún táńkì òkun ni kí ẹ rà, Èkó ni a ti ń rí i. Giramu 35 sí 38 ni fún lítà kan, nítorí iyọ̀ àpò máa ń fa ọ̀rinrin; fún lítà 120, kílò 4.2 sí 4.6. Kílò 4.2 ni mo kọ́kọ́ dà sí i, mo wọ̀n ọ́n, mo wá ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Omi ló máa ń kọ́kọ́ wà nílẹ̀, iyọ̀ á tẹ̀lé e. Bí ẹ bá da omi lé òkìtì iyọ̀ lórí, calcium inú rẹ̀ á pàdé carbonate níbi tí àwọn méjèèjì ti ki jù, á di ẹfun sísàlẹ̀, kò sì ní yòrò mọ́. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù rò ó fún wákàtí 24. Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ lè pò ó nínú táńkì. Tí ẹja bá ti wọlé, inú kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù ni.

Refractometer, ẹ̀rọ kékeré tí à ń gbé sójú, ni mo fi ń wo iyọ̀. Omi ìdíwọ̀n 35 ppt ni kí ẹ fi tọ́ ọ, torí èyí tó tọ́ ní òdo ṣì lè purọ́ ní 35. Ẹ kán omi táńkì bíi ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta sójú gíláàsì rẹ̀, ẹ rọra pa ìdérí rẹ̀ dé kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí omi àti irin bára mu ní ìgbóná, kí ẹ tó gbé e sójú lọ́nà ìmọ́lẹ̀. Ibi tí búlúù ti pàdé funfun ni ìdáhùn. 35 ni mo ń wá, tàbí 1.026 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tó ń sọ bí omi náà ṣe wúwo tó sí omi lásán.

Òkúta ló wọlé ṣáájú iyanrìn, kílò 14, orí gíláàsì ló sì jókòó sí, kí ohun tó bá ń wa ilẹ̀ má bàa bì í ṣubú. Wọ́n á bi yín nípa òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ṣàgámù fún símẹ́ńtì. Ihò ni à ń wá nínú òkúta, torí inú ihò ni bakitéríà ń gbé. Ẹ kán omi sórí rẹ̀ nígbà tó gbẹ: bó bá fà á mu kíá, ó wúlò, bí omi bá ṣàn kúrò lórí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Iyanrìn aragonite (iyanrìn ẹfun inú òkun) kílò 13 á tẹ́ tó 2.5 cm. Nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, omi rẹ̀ á kọ́kọ́ funfun bí omi ògì. Ẹ máa dà á nù títí yóò fi mọ́. Pọ́ǹpù méjì tó ń ti lítà 1,800 ní wákàtí kan papọ̀ ni mo lò, ọ̀kan kọjú sókè díẹ̀ kí ojú omi máa mì, torí ojú omi ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Nípa ooru, láàárín 25°C sí 27°C ni mo fẹ́ kí omi wà. Nínú yàrá abẹ́ páànù, lóṣù kejì àti ìkẹta, omi lè kọjá 30 láìsí hítà kankan. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ dúró tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹja tí ara rẹ̀ gbóná ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Fáànù kékeré 12 V tó ń fẹ́ gba ojú omi kọjá á mú un wálẹ̀ ní ìwọ̀n 2 sí 3. Lásìkò òjò, agbára rẹ̀ dín kù torí ọ̀rinrin ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Àwọ̀n ni mo fi bo táńkì, kì í ṣe gíláàsì, kí ooru lè jáde, kí ẹja má sì fò síta. Hítà 100 W wà níbẹ̀ ní 24, fún òru ọyẹ́ nìkan.

Fáànù ń gbé omi lọ, kì í gbé iyọ̀ lọ. Bí lítà 6 bá fà nínú 120, 35 á di 36.8. Mo lẹ téèpù sí ibi tí omi dúró sí, omi RO lásán ni mo ń fi dá a padà síbẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó bá ń fi omi oníyọ̀ dí i ń pa ẹja rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹja tó wọlé, bakitéríà gbọ́dọ̀ ti kún òkúta. Mo fi edé tútù kan tí kò rí iná sínú àwọ̀n kékeré, mo jẹ́ kó jẹrà títí ammonia, májèlé tó ń jáde lára ohun tó ń jẹrà, fi dé 2 ppm (ìdá méjì nínú mílíọ̀nù), mo sì yọ ọ́. Irú bakitéríà kan á sọ ammonia di nitrite, òmíràn á sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ le fún ẹja. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ lè ra bakitéríà inú ìgò kó yá, ṣùgbọ́n ìgò tó ti jókòó sínú ọkọ̀ gbígbóná láti Èkó lè ti kú. Bí 2 ppm ammonia bá lè di òdo láàárín wákàtí 24, tí nitrite náà sì jẹ́ òdo, ilé ti ṣe tán. Láàárín àsìkò yìí, nǹkan búráwùn á bo iyanrìn. Ẹ má ra oògùn kankan, á lọ fúnra rẹ̀ bí silica bá ti tán.

Ẹja clownfish (ẹja aláwọ̀ ọsàn tó ní ilà funfun) kéékèèké méjì tí wọ́n bí sínú táńkì ló dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Akọ ni gbogbo wọn ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá jẹ gàba á di abo. Ẹja búlúù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ láti inú fíìmù kò lè gbé nínú lítà 120. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹja sínú ike lítà 40 tó ní fílítà kàńrìnkàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí àrùn tó ń fi àmì funfun wínníwínní sí ẹja lára má bàa wọ ilé. Oògùn bàbà tí wọ́n fi ń wo àrùn náà kò gbọ́dọ̀ kan táńkì ńlá láéláé, òkúta á fà á mu. Ọ̀rá tí ẹja wà nínú rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń ṣí sílẹ̀ kí a máa kán omi sí i: èémí ẹja ló mú pH inú rẹ̀ wálẹ̀, tó mú kí ammonia rọ̀, bí ẹ bá ṣí i, pH á gòkè, ammonia á di májèlé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá léfòó fún ìṣẹ́jú 15 láìṣí i. Bí ẹ bá wá ṣí i, ẹ wọn iyọ̀ inú rẹ̀ kíákíá, ẹ bu omi RO sínú ike náà títí iyọ̀ rẹ̀ yóò fi bá ti ọ̀rá mu, ẹ fi àwọ̀n gbé ẹja sí i, kí ẹ da omi ọ̀rá nù. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa fi omi oníyọ̀ gbé e padà sí 35 láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lítà 12 ni mo ń pààrọ̀, pẹ̀lú iyọ̀ bíi giramu 430. Ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá náà, ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ á fa gbogbo rẹ̀ sínú omi.

Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ USB lórí power bank 20,000 mAh lè gbé ẹja náà dé ọjọ́ kejì. Ẹ má bọ́ wọn títí iná fi dé. Bí fílítà bá wà lára táńkì yín, tí kò sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀, bakitéríà inú rẹ̀ lè ti kú, omi inú rẹ̀ á máa rùn. Ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi táńkì díẹ̀ ṣan kàńrìnkàn rẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó tan án padà.