Bí Ará Ilẹ̀ Okun Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Ìlànà Ayurveda

Nínú Ayurveda, ètò ìlera àtayébáyé àwọn ará Íńdíà, oúnjẹ, oorun, iṣẹ́, ìrònú àti ìgbà ọdún ni a máa ń yẹ̀ wò kí a tó dárúkọ egbòogi. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kàbà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú kò ní láti kọ́kọ́ náwó lé ìyẹ̀fun egbòogi inú ike. Ètò ọjọ́ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ kíyè sí ara yín. Àwọn oníṣègùn Ayurveda gbà pé agbára mẹ́ta ni ó ń darí ara: vata, tí í ṣe ti afẹ́fẹ́ àti òfuurufú, pitta, ti iná àti omi, àti kapha, ti omi àti ilẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára olúkúlùkù, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn yàtọ̀. Ẹni tí vata pọ̀ lára rẹ̀ a máa rí tín-ín-rín, awọ rẹ̀ a máa gbẹ, oorun rẹ̀ kì í sì í jinlẹ̀. Ara onípitta a máa tètè gbóná, kì í sì í lè fara da ebi. Oníkapha a máa sanra, a sì máa sùn fọnfọn. Sáyẹ́ǹsì òde òní kò fìdí agbára mẹ́ta yìí múlẹ̀, nítorí náà ẹ kà á sí ọ̀nà ìkíyèsí ara, kì í ṣe àyẹ̀wò àrùn.

Oúnjẹ ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù fún wa. Ayurveda kọ́ni pé iná tí ń da oúnjẹ nínú ikùn, tí wọ́n ń pè ní agni, a máa lágbára jùlọ ní ọ̀sán gangan. Ìgbà náà ni oúnjẹ tí ó wúwo yẹ, kí ti alẹ́ sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ní tiwa, alẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti oko dé, ni a ń gúnyán. N kò ní sọ pé kí àgbẹ̀ gbé odó lọ sídìí ebè. Ẹ gbé iyán sí ọ̀sán ní ọjọ́ tí ẹ kò bá lọ sí oko. Ní ọjọ́ yòókù, ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ jẹun ní kété tí ẹ bá délé, kí ó sì tó wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó sùn.

Nígbà ọyẹ́, òtútù àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni wọ́n gbà pé ó ń ru vata sókè. Ẹ mú òróró yànmọ̀tí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi ra gbogbo ara kí ẹ tó fi omi gbígbóná wẹ̀.

Ní ti egbòogi, ẹ ṣọ́ra. Láti ìhà Íńdíà ni igi dóńgóyárò ti wá, àwọn oníṣègùn Ayurveda sì ń lò ó, síbẹ̀ aláboyún kò gbọdọ̀ mu àgbo rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fún ọmọdé ní òróró rẹ̀ mu. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 lórí oògùn Ayurveda 193 tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí òjé, mẹ́kúrì tàbí arsenic, tí gbogbo wọn jẹ́ májèlé, nínú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn; ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá a dúró, kí ó sì sọ gbogbo ohun tí ó ń mu fún dókítà rẹ̀, nítorí dóńgóyárò lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ.