Bí ẹ ṣe lè yan ilé ìwé ìjọba ní Ìkòròdú, kí ẹ sì mọ ọ̀nà tí owó rẹ̀ ń gbà

Òbí tó bá ń wá ilé ìwé ìjọba fún ọmọ rẹ̀ ní Ìkòròdú, ì báà jẹ́ ní Ìjẹ̀dẹ́, Ìmọ̀tà, Ìgbógbó tàbí láàárín ìlú, iye ni kó máa béèrè: iye ọmọ, iye tíṣà, iye kírẹ́dìtì, iye owó. Ọ̀dà ara ògiri kò lè sọ fún yín bóyá ọmọ kíláàsì kẹrin lè ka ìpínrọ̀ kan já.

Ẹ lọ síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tí táàmù bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ṣeé fi díwọ̀n, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ò tíì wọlé. Ọ̀dọ̀ hẹdimásítà tàbí pírínsípà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹni tó bá ṣàdédé yọjú lójú fèrèsé kíláàsì, wọn á lé e, wọn ò sì jẹ̀bi. Tí wọ́n bá gbà yín láàyè, ẹ ka orí àwọn ọmọ inú kíláàsì kan, kí ẹ ka bẹ́ńṣì. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní kí ọmọ tíṣà kan má ju 35 lọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá bá 70, tí bẹ́ńṣì ẹni méjì ń gba mẹ́rin, ọmọ tó wà lẹ́yìn ò ní rí pátákó dáadáa, tíṣà ò sì ní lè máàkì ìwé gbogbo wọn tán.

Ìwé tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ sí ló ń sọ òótọ́ jù. Ẹ bẹ ọmọ àdúgbò yín kan tó ń lọ síbẹ̀ kó gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá. Ẹ wo déètì: ṣé nóòtì ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àbí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fò láàárín? Ẹ wo ibi tí bíró pupa dé. Tí ẹ bá rí àmì "ó tọ́" lára ìdáhùn tó ṣì, ẹni tó máàkì í kò kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ náà ka ojú ewé kan sókè nínú ìwé tó ń lò ní kíláàsì. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹ ó sì mọ̀ ju ohun tí wọ́n lè ṣàlàyé fún yín ní ọ́fíìsì.

Ní sẹ́kọ́ńdìrì, èsì WAEC ni ẹ ó béèrè, ẹ má sì béèrè pé "Ṣé àwọn ọmọ ń yege?" Ẹ béèrè pé: ọmọ mélòó ló jókòó, mélòó ló ní kírẹ́dìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀, ní ìjókòó kan ṣoṣo? A1 títí dé C6 ni kírẹ́dìtì. D7 àti E8 jẹ́ páàsì, àmọ́ wọn kì í ṣe kírẹ́dìtì; ibẹ̀ ni èsì ti sábà ń wú kọjá bó ṣe yẹ. Tí ọmọ 120 bá jókòó, tí 54 sì ní márùn-ún yẹn pé, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ gba ti ọdún mẹ́ta, torí ọdún kan lè jẹ́ oríire. Ẹ béèrè iye èsì tí WAEC dá dúró pẹ̀lú. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ fura sí jìbìtì ìdánwò.

Ẹni tó bá ní Model College Igbókúta lọ́kàn, ìyẹn sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kan, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ ìdánwò àṣàyàn láti Púráìmárì 6. Lagos State Examinations Board ló ń ṣètò rẹ̀.

Ó wá ku owó. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3 nílé ìwé ìjọba. Ẹni tó bá gba owó ilé ìwé lòdì sí òfin yẹn lè san ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Tí wọ́n bá ní owó PTA ni, ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti fẹnu kò sí i hàn yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Owó tí ẹ bá fi lé tíṣà lọ́wọ́ láìsí rìsíìtì, kò sẹ́ni tó lè tọpa rẹ̀.

Owó tí ìjọba ń ná sórí kíláàsì, òrùlé àti àga ló pọ̀ jù. Wọ́n sábà máa ń kọ UBEC (àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀) tàbí LASUBEB (ti Ìpínlẹ̀ Èkó) pẹ̀lú ọdún sára ògiri kíláàsì tí wọ́n kọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, òun ni ẹ ó fi kọ lẹ́tà tí ẹ ó fi béèrè bí wọ́n ṣe ná owó iṣẹ́ náà. Lẹ́tà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lọ sí LASUBEB ní Maryland; ti sẹ́kọ́ńdìrì ń lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ Education District II, tó kó Ìkòròdú, Kòsọ́fẹ́ àti Ṣómólú pọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè nínú lẹ́tà kan, ẹ má sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ìjọba ni ẹ ó dúró lé. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Lábẹ́ òfin Freedom of Information Act, 2011, mo ń béèrè ẹ̀dà àdéhùn iṣẹ́ kíláàsì tí ẹ ṣe sí ilé ìwé báyìí báyìí lọ́dún báyìí: iye owó, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, ọjọ́ tó yẹ kó parí, iye tí ẹ ti san, àti iye àga tó wà nínú àdéhùn."

Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹni tí kò lè kọ̀wé lè fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fún un ní ẹ̀dà kan. Ẹ tẹ ẹ̀dà lẹ́tà náà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí tiyín. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló ń kú síbí, torí ẹni tó fi í sílẹ̀ ò ní ẹ̀rí pé ó dé. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi méje mìíràn kún un. Tí wọ́n bá sọ pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin náà wà fún, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ní 2025 pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sí kóòtù; ìtanràn ìkọ̀ tí kò bófin mu jẹ́ ₦500,000.

Kí wọ́n má bàa dájú sọ ọmọ ẹnì kan, ẹ jẹ́ kí SBMC (ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé) tàbí PTA fọwọ́ sí i pa pọ̀. Tí ìdáhùn bá dé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwé, ẹ ka àga ọ̀hún níkọ̀ọ̀kan. Tí àdéhùn bá ní 60 tí ẹ bá 38, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí akọ̀wé kọ iye méjèèjì sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé kí ẹ tó kọ lẹ́tà kejì.