Bí mo ṣe ṣe pílọ́ọ̀tì ọ̀gbàrá, tí dúrọ́ọ̀mù kún mọ́ mi lójú

Ẹ jẹ́ n sọ bá a ṣe ń wọn yẹ̀pẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń kó lọ, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé téèyàn bá ti ri páànù mọ́lẹ̀, iṣẹ́ bùṣe. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ibùdó ìwádìí kan ni mo wà nígbà yẹn, ilẹ̀ tó ti ṣá ni wọ́n fẹ́ sọ jí, ọ̀gá mi wá ní kí n ṣe pílọ́ọ̀tì méjì, ìyẹn abala ilẹ̀ kékeré tá a wọ̀n tá a fi páànù yí ká, sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ká fi ọ̀kan sílẹ̀ lásán ká gbin koríko sí ìkejì, ká lè mọ ohun tí koríko yẹn ń dì mú gan-an.

Ìwọ̀n tí Wischmeier àti Smith, àwọn olùwádìí méjì lórí bí ọ̀gbàrá ṣe ń kó yẹ̀pẹ̀ lọ, fi ṣe ìṣirò wọn ní Amẹ́ríkà la lò, mítà 22.13 ní gígùn, 1.83 ní fífẹ̀, lórí ilẹ̀ tó dà ní ìdá 9 nínú 100. Tó bá yà yín lẹ́nu pé kí ló dé tí kì í ṣe 22 géérégé, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n: 72.6 lọ́nà 6, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún éékà nìyẹn. Tiwa dà tó 11, a kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, a ri páànù wọlẹ̀ ní sàńtímítà 15, a fi 15 sílẹ̀ lókè. Ibi tí páànù méjì ti pàdé ni kẹ́ ẹ ṣọ́, omi ò nílò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Kẹ́ ẹ sì tẹ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le padà dáadáa. Nísàlẹ̀, gọ́tà kọnkéré tá a fi nǹkan bò kí òjò má rọ̀ sí i, páìpù, dúrọ́ọ̀mù lítà 200 kọ̀ọ̀kan, ó parí. Mo ya fọ́tò pàápàá.

Òjò wá rọ̀ mọ́jú, mìlímítà 38. Mo débẹ̀ láàárọ̀, dúrọ́ọ̀mù ti ilẹ̀ lásán ti kún, ó ti ṣàn dànù. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé o ṣírò ẹ̀ rárá?" Mo ní, "Rárá, sà." Ẹ wò ó: pílọ́ọ̀tì yẹn jẹ́ mítà 40.5 níbùú lóòró, mìlímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóòró sì ni lítà kan, torí náà mìlímítà 38 jẹ́ lítà 1,539, tí ìdajì ẹ̀ bá ṣàn wálẹ̀ péré, dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ò gbà á. Iṣẹ́jú méjì ni ìṣirò yẹn o, mi ò ṣe é.

Ohun tá a wá ṣe ni pé a lu ihò mẹ́sàn-án tó dọ́gba sí etí dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, ti àárín nìkan ló ń dà sí dúrọ́ọ̀mù kejì, mẹ́jọ yòókù ń dà nù, nígbà kíkà a máa ń fi 9 sọ ti dúrọ́ọ̀mù kejì di púpọ̀ ká tó fi ti àkọ́kọ́ kún un. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà ni mo fi tò ó, mo rò pé ó ti gún, àfi ìgbà tá a bu omi sí i tá a gbé garawa mẹ́sàn-án sábẹ́ ihò mẹ́sàn-án, ọ̀tún ń gbà ju òsì lọ. Odidi ọ̀sán kan la fi ń ki òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ ẹ̀.

Òjò tó tẹ̀ lé e jẹ́ 35. Ilẹ̀ lásán: lítà 200 nínú àkọ́kọ́, 60 nínú ìkejì, àpapọ̀ 740. Ẹ ro omi yẹn látìsàlẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó bù ú o, torí iyanrìn kì í dúró de èèyàn. A gbẹ ẹ́ nínú ófùnù ní ìwọ̀n 105 Celsius fún wákàtí 24, gíráàmù yẹ̀pẹ̀ 8 ló wà nínú lítà kan, ìyẹn kílò 5.92, tá a bá gbé e sórí hẹ́kítà kan ó lé ní kílò 1,460, láti inú òjò kan ṣoṣo! Ti koríko ò ju lítà 90 lọ, gíráàmù kan nínú lítà kan, nǹkan bíi kílò 22 ní hẹ́kítà. Mi ò tíì ka ẹrẹ̀ tó sùn sí gọ́tà, ìyẹn náà ń fẹ́ wíwọ̀n lọ́tọ̀.

Ẹ tún máa yẹ ihò àárín yẹn wò kí òjò tó rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ewé kan péré ló dí i, dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ kún dẹ́nu, ìkejì gbẹ táútáú, òjò ọjọ́ yẹn ò sí nínú ìwé wa títí dòní.