Kíndìnrín kì í ké: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní lupus

Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé lupus ló ń ṣe é, ohun tó ń dùn ún ló máa ń gbájú mọ́: ìka ọwọ́ tí kò ṣeé ká láàárọ̀, irun tó ń já, ojú tó ń pọ́n láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì bí oòrùn bá pa á. Kì í rántí kíndìnrín, torí pé kíndìnrín kì í dùn ún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà ló yí padà tó ń bá ara jà nínú àìsàn yìí, ọ̀kan lára ibi tó sì ti ń ṣọṣẹ́ jù ni àwọn asẹ́ tíntìntín tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú kíndìnrín. Nínú ènìyàn 10 tó ní lupus, ó ń dé kíndìnrín àwọn bíi 4 tàbí 5. Ó sábà máa ń débẹ̀ láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́, ó sì ń bá àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Nítorí pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní in, ẹ̀yin ọmọbìnrin àti ìyá ọmọ láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn máa dúró de ìrora. Kíndìnrín lè ti máa bàjẹ́ fún oṣù púpọ̀ kí onítọ̀hún tó mọ nǹkan kan. Àmì tó sábà máa ń ṣáájú ni ìtọ̀ tó ń hó, tí ìfófó rẹ̀ kì í tètè pòórá, nítorí purotéènì tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti ń jò jáde. Ta ló ń wo ìtọ̀ rẹ̀, pàápàá ẹni tó ń lo ṣáláńgá? Lẹ́yìn náà ni ojú á máa wú láàárọ̀, tí kókósẹ̀ á máa wú lálẹ́. Ìyá tó ń tajà l'Ókè-Àjé á ní ìdúró ni. Àwọn ará ilé á ní ó ti tẹ nǹkan ní oríta, wọ́n á sì máa wá ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ẹni tó ní lupus bá wú, ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ sí láàbù.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ kò le rárá. Wọ́n á ti bébà pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí purotéènì wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, wọ́n á wá wọn bí purotéènì náà ṣe pọ̀ tó sí creatinine inú ìtọ̀, ìyẹn ìdọ̀tí ara tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde. Kódà bí ara yín bá le koko, ẹ máa ṣe é ní oṣù 3 sí 6 síra wọn, kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èsì ẹ̀jẹ̀ nìkan rẹ̀ yín lẹ́kún. Creatinine inú ẹ̀jẹ̀ lè dára lójú ìwé nígbà tí purotéènì ti ń jò gidigidi.

Ọ̀rọ̀ oògùn ìrora wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti máa ń bàjẹ́. Oríkèé ń ro ọmọ, ó yà sí kẹ́míìsì, wọ́n pọn oògùn fún un láìbi í léèrè pé àìsàn wo ló ní. Diclofenac, ibuprofen àti piroxicam máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, èyí tó ti fara gbọgbẹ́ tẹ́lẹ̀ kò sì lè gbà á. Àgbo làkúrègbé inú ìgò náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, àwọn mìíràn a sì máa lọ oògùn òyìnbó kan náà mọ́ ọn. Ìpara abóra tún ń bẹ, tí àwọn kan fi ń pa ojú pípọ́n rẹ́. Mẹ́kúrì tó máa ń wà nínú àwọn kan lára irú ìpara bẹ́ẹ̀ lè fúnra rẹ̀ mú kí kíndìnrín máa jo purotéènì. Ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Prednisolone, oògùn tó ń rọ ìjà tí ara ń bá ara rẹ̀ jà, ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ó ń mú ojú rí rogodo, oúnjẹ á sì máa wọni lára. Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, tí ẹgbẹ́ ti dá aṣọ, tí télọ̀ ní òun ní láti tún bùbá rán, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin á rọra dá oògùn dúró kí ojú lè padà bọ̀ sípò. Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ̀ pé ẹwà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n ara tó ti pẹ́ lórí prednisolone ti ṣíwọ́ àtimáa ṣe irú èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá dá a dúró lójijì, ẹ lè dákú, kí lupus sì tún ru sókè. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń fi àwọn oògùn bíi mycophenolate tàbí cyclophosphamide kún un kí ìdínkù náà lè yá. Hydroxychloroquine, oògùn lupus mìíràn, ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń lò ó pẹ̀lú àyẹ̀wò ojú, àní nígbà tí gbogbo nǹkan bá rọlẹ̀. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba fúnra rẹ̀, abẹ́ àtíbàbà ni kí ẹ jókòó sí, torí oòrùn náà máa ń ru lupus sókè.

Ní ti oúnjẹ, iyọ̀ àti Maggi ni kí ẹ dín kù, kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ sì ti wú kò gbọ́dọ̀ máa da omi mu kó lè fi fọ kíndìnrín.

Oyún ṣeé ní, ẹ má jẹ́ kí ẹbí kankan sọ fún ọmọ yín pé kò lè bímọ. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kó lóyún láìsọ fún dókítà. Ó dára kí àìsàn náà ti rọlẹ̀ fún oṣù 6 ó kéré tán. Mycophenolate lè ba ọmọ inú jẹ́, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán, ṣáájú oyún. Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú kò bá oyún mu. Hydroxychloroquine ni kí ó má ṣe jáwọ́ nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ fi abẹ́rẹ́ mú bíńtín nínú kíndìnrín láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sá. Wọn kì í yọ kíndìnrín. Oríṣi 6 ni wọ́n pín ìpalára náà sí, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba, nípasẹ̀ àyẹ̀wò yìí ni wọ́n sì fi ń mọ èyí tó jẹ́. Bí ìtọ̀ bá wá dín kù gan-an, tí ó pọ́n bí omi ìṣápá, tàbí tí mímí kò rọrùn bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, wà ní Ṣágámù, ti Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan àgbo.